Ọ̀rọ̀ Tí Bísọ́lá Gbé Mì Nítorí Rẹ

Fọlákẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Spandau. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àtẹ̀gùn ilé wa yìí ò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, wàá mí kanlẹ̀, wàá ní, "Papa, warum?", pé kí ló dé. Kà á. Gbogbo Sátidé tí mo fi kọ́ ọ ní àmì ohùn, tí o ń sunkún pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣeré níta, nítorí irú ọjọ́ báyìí ni. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro fún ọ, kà á sókè, etí rẹ á dá a mọ̀.

Nígbà tí o wá sí Berlin lọ́sẹ̀ tó kọjá, o jókòó ní ìdáná mi, o sì rojọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ fún mi látòkèdélẹ̀, ní èdè Jámánì, láìgbójú sókè. Nígbà tí o parí, o bi mí pé kí ló yẹ kí o ti ṣe. Mo ní kí o jẹun, oúnjẹ ń tutù. O jẹun, mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, o wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Hamburg. Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń ni mí. Mi ò dáhùn nítorí pé ìdáhùn náà kan èmi gan-an, ojú sì ń tì mí. Mò ń dáhùn báyìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo ṣì í gbọ́.

Wọ́n fi ọ́ ṣe olórí wọ́ọ̀dù, Stationsleitung, fún ìgbà díẹ̀ ná, wọ́n sì ní bó bá di oṣù tó ń bọ̀, ipò náà á di tìrẹ pátápátá. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ẹbí ní Abẹ́òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ni Bísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti ilé dé lọ́dún tó kọjá, tó ṣì wà nínú Probezeit, àwọn oṣù ìdánwò tí wọ́n lè lé òṣìṣẹ́ lọ láìṣe àlàyé púpọ̀. Àǹtí ló ń pè ọ́. Ìwọ lo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ìwọ lo bá a wá yàrá, ìwọ lo ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ fún un.

Herr Petersen, bàbá arúgbó tí rọpárọsẹ̀ dá wó, wà ní wọ́ọ̀dù yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin tó ń yẹ ọ̀fun àwọn aláìsàn wò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sọ fún ìwọ àti Bísọ́lá pé kí ẹnikẹ́ni má fún bàbá yìí ní búrẹ́dì, oúnjẹ lílọ̀ nìkan ni, nítorí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. Bàbá kejì inú yàrá náà ló lè jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó di Übergabe, àsìkò tí àwọn tó ń lọ sílé máa ń fa aláìsàn lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́wọ́, ìwọ lo sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ ọ́, fóònù ń dún, o gbé ọ̀rọ̀ bàbá kan fún bàbá kejì. O ní Herr Petersen lè jẹ búrẹ́dì. Bísọ́lá wà ní ìdúró níbẹ̀. Ó gbọ́, ó sì mọ̀ pé o ṣì í sọ. Kò la ẹnu rẹ̀.

Ó dúró títí àwọn Jámánì fi túká, ó wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan." O ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. O ní, "Später," ó di tó bá yá. Kí àsìkò tí o dá fún un yẹn tó dé, ẹni tó wọṣẹ́ ti gbé búrẹ́dì fún Herr Petersen. Ó há a lọ́fun. Gbogbo yín sá síbẹ̀, ẹ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ yín, bàbá náà kú.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá bi yín léèrè, obìnrin tó yẹ ọ̀fun wò kò rántí nọ́ọ̀sì tó dúró tì í. Bísọ́lá bá ní òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun lòun gbàgbé láti sọ fún ọ. Ìwọ sì dákẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa lé e. Bí iṣẹ́ bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà ti ń mì nìyẹn.

Ṣé mo ṣì í gbọ́? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

O sọ fún mi nígbà mélòó kan pé o kò ní kí ó parọ́ fún ọ. Òótọ́ ni, o kò ní kó parọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o sọ bí ẹni tí kò kà á sí, òun lèmi sì dì mú. O ní ní ọ̀sẹ̀ tí Bísọ́lá kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù yẹn, ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún ọ níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe yàrá yẹn." O rẹ́rìn-ín lójú wọn. Lẹ́yìn náà o mú un wọ yàrá tí ẹ ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, o tilẹ̀kùn, o ní, "Ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún ẹ nìyẹn? O fẹ́ dójú tì mí níwájú òyìnbó?"

Fọlákẹ́. Láti ìgbà tí o ti ń fi ìdí wọ́lẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ kí o sọ Yorùbá. Bí mo bá kí ọ ní Yorùbá, Jámánì lo fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí o wá sọ ọ́ geerege, láìṣi ohùn kan, orí Bísọ́lá lo sọ ọ́ lé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sì mọ ilé tí gbólóhùn yẹn ti jáde. Ilé tèmi ni.

Nítorí náà gbọ́ ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, iṣẹ́ títún lífíìtì ṣe ni mo rí, ní Tempelhof. Mo ti kọ́ nípa ẹ̀rọ nílé, mo sì gbà pé ẹni tó kàwé kò gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò kà tó o. Ọ̀gá wa, Meister, ọkùnrin kúkúrú kan tí sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, á ṣàlàyé iṣẹ́, á bi mí bóyá ó yé mi, màá ní "ja, ja." Kò yé mi. Èdè rẹ̀ kò yé mi, iṣẹ́ náà kò sì yé mi. Bí mo ṣe so bíréèkì lífíìtì kan lódìlódì nìyẹn. Ọlọ́run ló yọ wá, ọ̀gá dán an wò kí èèyàn tó wọ inú rẹ̀. Mo dúró kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní láti òní lọ, òun ò ní bi mí mọ́ bóyá ó yé mi, èmi ni màá máa fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo gbọ́ fún òun, níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ń fi Jámánì mi rẹ́rìn-ín. Mo máa ń lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó lè mí dáadáa.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe bíréèkì. Bíréèkì kò le. Ohun tí mo kọ́ ni bí èèyàn ṣe lè dúró kí àwọn ẹlòmíì rí i pé kò mọ̀, kó má sì kú. Ìgbà tí mo tó lè ṣe ìyẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lórí. Abèèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lówe, ṣùgbọ́n àyà ló ń béèrè, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, bó ka ìwé dé òpin ayé, ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ àǹfààní rẹ̀.

Èkejì ló dùn mí jù. Èmi náà di Meister nígbà tó yá, o rántí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń wá jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn fún mi kí wọ́n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé mi ò ní pa wọ́n jẹ. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá. Wọ́n ń yìn mí. Lẹ́yìn náà màá wọ ọkọ̀ ojú irin U7 bọ̀ nílé, kí n tó tẹ bẹ́ẹ̀lì, mo ti di ẹlòmíì. Mo dàgbà níbi iṣẹ́, mi ò dàgbà nílé. Èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kó má mọ̀. Ìgbà tí o fọ́ dígí ilé ìwẹ̀, o kó àfọ́kù rẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé, ó gé ọ lọ́wọ́, o sì fi ọwọ́ náà pamọ́ fún mi títí ó fi di egbò. Ìyá rẹ, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló rí i. Ó bi mí pé, "Bàbá Fọlákẹ́, irú ilé wo lẹ ń kọ́, tí ọmọ á fi fẹ́ kí ọwọ́ òun rà ju kó sọ̀rọ̀ lọ?" Mo ní òun ló ń kẹ́ ọ bà jẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí o gbé wọ wọ́ọ̀dù rẹ ní Hamburg, èmi ni mo fún ọ. Mi ò sọ èyí kí o lè di ẹ̀bi náà rù mí kí o sì máa bá tìrẹ lọ o. O ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ tí bàbá dá fún ọmọ, ọmọ lè bọ́ ọ sílẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣà wa ló pa Herr Petersen. Ẹnì kan lè sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ yẹn, á sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, á ní "kulturell." Irọ́ ni. Àwọn tó bí wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Nílé bàbá mi, bí ọmọdé bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe, á ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí," àgbà á sì gbọ́. Orúnkún tí Bísọ́lá tẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Orí orúnkún náà ló wà tó fi fẹ́ sọ̀rọ̀. Etí rẹ ló dí. Ó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, níwájú gbogbo wọn, òótọ́ ni, mi ò sì ní yọ ọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ni, o kàn fi orúkọ ọ̀wọ̀ pè é, bí èmi náà ṣe máa ń pè é.

Mi ò ka iye mọ́, jẹ́ kí n sáà sọ èyí tó kù bó ṣe ń wá. Mọ ìgbà tí inú rẹ ń ru. Tèmi, eyín ni mo máa ń rún, ìyá rẹ á gbọ́ ọ láti yàrá. Tìrẹ, ọ̀rọ̀ rẹ máa ń gé kúrú, Später, jetzt nicht, kì í ṣe báyìí, ojú rẹ á sì kúrò lára èèyàn. Bí o bá ti gbọ́ tí ẹnu rẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, dúró, bi ara rẹ kí lò ń bẹ̀rù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bi ara mi, ìtìjú ni. Bí o bá tún ní wọ́ọ̀dù tí wàá máa darí láyé yìí, bí o bá parí ọ̀rọ̀, kọ́kọ́ bi ẹni tó kéré jù níbẹ̀ pé, "Kí ni mo gbàgbé? Kí ni mo ṣì sọ?" Má bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìbéèrè, wọn ò ní ní. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá tún ọ ṣe lójú gbogbo èèyàn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ara á ta ọ́. Jẹ́ kó ta ọ́. Ibi iṣẹ́ kì í gbọ́n ju ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ lè fara dà láti gbọ́ lọ. Wọ́n lè ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n lè pe àwọn olùkọ́ wá láti ibikíbi kí wọ́n wá dá yín lẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀gá bá ń sá fún ìtìjú, ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aláìsàn ló máa jìyà rẹ̀.

Mo ní láti sọ nǹkan kan fún ọ báyìí, má bínú. Mo pe Bísọ́lá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi láti Kérésì tí o mú un wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Bísọ́lá, ọmọ mi, sọ òótọ́ fún wọn." Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sà. Mi ò lè jókòó síwájú òyìnbó kí n máa ro ẹjọ́ Àǹtí mi." Mo ní, "Wọ́n máa lé ọ." Ó ní òun mọ̀, òun ti ń palẹ̀ ẹrù òun mọ́. Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí kí wọ́n máa jẹun, sà. Wọn ò jẹun níbi iṣẹ́ mọ́."

Mo sunkún, Fọlákẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọ tí o pa lẹ́nu mọ́ ló ń ro bí o ṣe máa jẹun.

Kò ní sọ ọ́. Má retí pé á sọ ọ́. Mo mọ ibi tó ń lọ bí o bá dákẹ́. Mo ti jókòó ní Moabit, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún àjèjì ní ìwé, tí mo di lẹ́tà iṣẹ́ mi mú láyà, tí mò ń wo ẹnu ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, bóyá á ní kí n máa gbé tàbí kí n máa lọ. Kò sí ohun tó ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé bí ìjókòó yẹn. Èmi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì tún bà mí lẹ́rù. Bísọ́lá á lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹ̀sùn ikú èèyàn á sì wà lórí rẹ̀, èyí tí kò dá ṣe. Àwa la máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ni àgbà ọjà yẹn.

O tún sọ fún mi pé ìyàwó Herr Petersen wá kó ẹrù ọkọ rẹ̀, ó sì gbá gbogbo yín lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́. O ní ìwọ náà gbá a lọ́wọ́ mú. Ẹni tí kò mọ ohun tó pa ọkọ òun ló ń dúpẹ́ yẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un dọjọ́ ikú.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mo ti rí i lójú ara mi. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè gba ipò náà, wọ́n lè gba iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wá lọ́yà lónìí, mo máa san owó rẹ̀, kì í ṣe kó kọ́ ọ ní irọ́ pípa, kó lè jókòó tì ọ́ ni. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ò ní kí ọ mọ́. Herr Petersen ò sì ní jí. Bí mo bá sọ fún ọ pé ara á tù ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, irọ́ ni mò ń pa, torí mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi ọ́. Sọ pé ìwọ náà wà níbẹ̀, o gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí. Sọ pé ìwọ lo ṣì í sọ ní Übergabe. Kí o wá sọ ẹ̀kẹta, pé ìwọ lo ti kọ́kọ́ pa Bísọ́lá lẹ́nu mọ́, kí o sọ bí o ṣe ṣe é àti ibi tí o ti ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ àti èkejì, àṣìṣe ni, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni tó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wọn ò lè mọ̀ láé bí o ò bá sọ ọ́, òun ló sì máa pa aláìsàn mìíràn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí tó burú nínú tìrẹ ni pé ara ẹlòmíì ló ń bá ọ dákẹ́.

Bí wọ́n bá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ, wá sílé. Yàrá rẹ wà bẹ́ẹ̀, a ó jọ jókòó, ìtìjú náà á jọ kàn wá. Bí o bá dákẹ́, tí wọ́n fi Bísọ́lá ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n sì fi ọ́ jẹ olórí, wá sílé náà. Ọmọ mi ni ọ́, mi ò ní òmíràn. Màá ṣílẹ̀kùn fún ọ, màá gbé oúnjẹ fún ọ, màá bi ọ́ bóyá òtútù mú ní Hamburg. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé tí o pè mí, mi ò ní lè kí ọ kú iṣẹ́ mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.